Ìdánwò olójú méjì: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ọ̀sẹ̀ 8

Áàpù tí àwa 5 ń tọ́jú, iṣẹ́ àwọn ilé ìkàwé ló ń bá wọn ṣe. Òǹkàwé á yá ìwé, á dá a padà, á fi orúkọ sílẹ̀ de èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá pẹ́ kó tó dá a padà, áàpù á ṣírò owó ìtanràn fún un. Kì í ṣe áàpù ńlá. Àwọn ìdánwò tó ń ṣọ́ ọ, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ iṣẹ́ áàpù wò fún wa, ló pọ̀: 212 ló ń ṣí bùráúsà, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì bí ẹni pé èèyàn ni, 61 péré ló ń wo kóòdù fúnra rẹ̀ ní tààrà. Ìṣẹ́jú 47 ni gbogbo wọn fi ń parí lórí sáfà CI, kọ̀ǹpútà tó ń ṣe gbogbo ìdánwò fúnra rẹ̀ kí a tó gbé kóòdù jáde.

Ìṣẹ́jú 47 yẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú ni pé bí sáfà bá pupa, ìyẹn bí ìdánwò kan bá kùnà, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dé. A kàn ń tẹ "Tún un ṣe". Bó bá tún pupa, a tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti di àwọ̀ ewé, a gbé kóòdù jáde, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tó yá, èmi kì í tiẹ̀ ka orúkọ ìdánwò tó kùnà mọ́. Ọwọ́ mi ti mọ ibi tí bọ́tìnì yẹn wà.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ló là wá lójú. Ó kọ ímeèlì pé òǹkàwé 2 dé iwájú òun lọ́jọ́ kan náà, oníkálukú wọn ń fi iṣẹ́ tí áàpù wa rán sí i hàn pé ìwé yẹn ti wà nílẹ̀ dè é. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì wà. Mo ṣí àkọsílẹ̀ CI, mo ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ni mo bá rí i: ìdánwò kan tó ń jẹ́ "ẹni méjì kò lè gba ẹ̀dà kan" ti ń pupa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti bí ọ̀sẹ̀ 3. Ọjọ́ tí a gbé kóòdù tó fa wàhálà náà jáde, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pupa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tẹ "Tún un ṣe", lẹ́ẹ̀kẹrin ló di àwọ̀ ewé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Tiwa tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdánwò ti ń pariwo olè, èmi ni mo ń ní kó dákẹ́.

Kó tó di ohunkóhun: ẹ̀dà kan, ẹni méjì

A kọ́kọ́ tún èyí ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí àṣìṣe náà ṣe rí nìyí. Bí òǹkàwé bá béèrè fún ìwé, áàpù á wo database, ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí: ṣé ẹ̀dà yìí wà nílẹ̀? Ó wà. Á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ti gbà á. Àárín wíwò àti kíkọ yẹn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹlòmíì láti yọjú wò. Òun náà á rí i pé ó wà nílẹ̀, òun náà á kọ tirẹ̀. Bí ìbéèrè méjèèjì kò bá pàdé lójú kan náà, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò náà fi ń yẹsẹ̀: lọ́jọ́ tí sáfà bá yára, wọn kì í pàdé.

A kò fi kóòdù áàpù tún un ṣe. Database la gbé òfin náà fún. PostgreSQL, irú database tí à ń lò, gba èèyàn láyè láti fi òfin unique (òfin pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ ní ẹlẹ́ẹ̀kejì) lé àwọn ìlà àkọsílẹ̀ kan nìkan lórí, a sì fi lé gbogbo ìlà ìyáwèé tí a kò tíì dá padà: ẹ̀dà kan kò gbọdọ̀ ní ju ẹyọ kan irú rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni kejì tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀, database á kọ̀ fún un, áàpù á sì sọ fún un pé òun ló kàn lórí ìlà.

Ìdánwò náà, a tún un kọ láìsí bùráúsà. Ó ṣí ojú ọ̀nà 2 sí database, ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì wo ẹ̀dà náà ná kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan, ó wá ní kí wọ́n kọ. Kò retí kí wọ́n ṣèèṣì pàdé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn pàdé. Mo yọ òfin unique kúrò láti fi dán an wò, ó pupa. Mo dá a padà, ó di àwọ̀ ewé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 10 kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ sprint

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó sáfà wa fẹ́ ká kó gbogbo ìdánwò dànù, ká fi Playwright, irinṣẹ́ míì tó ń darí bùráúsà, kọ wọ́n lọ́tun. Wọ́n ní tí a bá lè fún àwọn ní oṣù 2, gbogbo rẹ̀ á ti mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Irinṣẹ́ kọ́ ló ń pupa. Bí a bá kó sleep, àṣẹ 'sùn díẹ̀ ná' tí a kọ síbí, lọ sínú Playwright, sleep náà ni." Àǹtí tó ń ṣojú àwọn ilé ìkàwé láàárín wa kò fa ọ̀rọ̀ gùn rárá: "Oṣù méjì yẹn, kí lẹ fẹ́ kí n máa sọ fún àwọn tó ń retí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wa?"

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a kò ní dá iṣẹ́ kankan dúró. Sprint, ìyẹn sáà kúkúrú tí a ń pín iṣẹ́ wa sí, jẹ́ ọ̀sẹ̀ 2 lọ́dọ̀ wa. Nínú sprint 4 tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ á jẹ́ ti àtúnṣe ìdánwò, ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá sì gbé dé apá kan áàpù, òun ni yóò tún ìdánwò apá ibẹ̀ ṣe kó tó kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan níbí, nítorí ó ká mi lára. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kóòdù 17 pàdé ní Snowbird ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ìkéde tí gbogbo ayé fi ń pe irú iṣẹ́ yìí ní Agile. Ìlànà 12 ló tẹ̀ lé ìkéde náà. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé fífi ojú sí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára nígbà gbogbo ló ń jẹ́ kéèyàn lè yára yí padà. A ti mú ìpàdé àárọ̀, a ti mú sprint, a ti mú pátákó tí a ń lẹ ìwé mọ́. Ìlànà yẹn la fi sílẹ̀. Kent Beck, ọ̀kan nínú àwọn 17 náà, òun àti Erich Gamma ló kọ JUnit àkọ́kọ́, irinṣẹ́ ìdánwò fún èdè Java, nínú ọkọ̀ òfuurufú ní 1997, nígbà tí wọ́n ń ti Zurich lọ sí Atlanta. Ìdánwò ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú kí ó tó ní orúkọ. Ẹni tó bá ń ṣe sprint láìní ìdánwò tó ṣeé gbọ́kàn lé, kò mọ̀ bóyá ohun tó gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 1: kíkà

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo fẹ́ mọ iye ìdánwò tó ń yẹsẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ní agogo 6, mo mú commit kan ṣoṣo (kóòdù bó ṣe wà nígbà tí a fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan), mo ní kí CI ṣe gbogbo ìdánwò ní ìgbà 20 láìyí ohunkóhun padà. Wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 40 ló gbà. Kóòdù kan náà, èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdánwò 31 ló yí ohùn padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Àwa kọ́ nìkan. Ní 2016, Google kọ ọ́ síta pé nǹkan bí 1.5% nínú gbogbo ìgbà tí ìdánwò wọn bá ṣiṣẹ́ ni irú èsì bẹ́ẹ̀ ń jáde, àti pé nǹkan bí 16% nínú àwọn ìdánwò wọn ló ní díẹ̀ lára àrùn náà. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá pọ̀ lágbo, kò sọ pé kéèyàn má tọ́jú tirẹ̀.

Mo kọ orúkọ àwọn 31 náà sára ìwé pélébé, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, a wá ń tò wọ́n bí a bá ṣe ń rí ìdí wọn. 17 kò mọ bí a ṣe ń dúró de nǹkan. 8 ń jà sórí dátà kan náà. 3 ń kùnà lóru nìkan. 3 tó kù ń dúró de ímeèlì láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí a ń bá lò. Olójú méjì la ń pe gbogbo wọn, nítorí lórí kóòdù kan náà, wọ́n á pupa, wọ́n á tún di àwọ̀ ewé.

Ọ̀sẹ̀ 2 àti 3: sleep

Selenium, irinṣẹ́ tó ń darí bùráúsà tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní 2004, la fi kọ àwọn ìdánwò bùráúsà wa. Mo wá ọ̀rọ̀ náà sleep nínú kóòdù, mo rí 138. Mo ro iye ìgbà tí wọ́n fi ń sùn pọ̀: ìṣẹ́jú àáyá 690, ìyẹn ìṣẹ́jú 11 àti ààbọ̀ tí sáfà kàn ń jókòó lásán.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyọ kan dáadáa. Ìdánwò "òǹkàwé lè yá ìwé" ń tẹ bọ́tìnì, ó ń sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ó wá ń wò bóyá orúkọ ìwé ti wọ inú àkójọ òǹkàwé. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni orúkọ náà fi ń jáde, nítorí náà ó ń fi mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣòfò. Lórí CI, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí sáfà, ó lè gba 6. Ó kùnà nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe áàpù. Iye kan kò sí tó lè tọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 10, ó kàn sún wàhálà síwájú ni, ó sì tún sọ gbogbo ìdánwò di ọ̀lẹ.

A yọ sleep kúrò, a fi ìdúró tó mọ ohun tó ń dúró dè rọ́pò rẹ̀: dúró títí ọ̀rọ̀ náà "Ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ" á fi hàn lójúewé, má sì kọjá ìṣẹ́jú àáyá 15. Bó bá hàn lẹ́yìn ìdajì, ó tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ìdajì. Bó bá gba 6, ó dúró de 6.

Ohun kan dà wá láàmú níbí fún odidi ọjọ́ kan. Ẹnì kan ti fi implicit wait 10 (àṣẹ pé nǹkan yòówù tí ìdánwò bá ń wá lójúewé, kó dúró dè é tó ìṣẹ́jú àáyá 10) sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdánwò tipẹ́tipẹ́, a kò mọ̀. Àwa wá ń fi explicit wait 15, ìyẹn ìdúró tó ń dárúkọ ohun tó ń dúró dè, kún un. Àwọn ìdánwò tó yẹ kó kùnà ní 15 wá ń kùnà ní 20. A rò pé aago wa ló bàjẹ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà Selenium fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kéèyàn má po oríṣi ìdúró méjèèjì pọ̀, ó sì fi nọ́ńbà wọ̀nyí gan-an ṣe àpẹẹrẹ: 10 àti 15 lè di 20. Ká ní a ti kà á láàárọ̀. A yọ èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ kúrò pátápátá, a fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Nínú ìdánwò 17 tí kò mọ bí a ṣe ń dúró, 16 gbọ́ràn. Ẹyọ kan kọ̀. Nígbà tí mo yọ sleep rẹ̀, kò yẹsẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wá ń pupa ní gbogbo ìgbà. Ìdánwò náà ń tẹ "Fi orúkọ mi sílẹ̀", ó ń sùn, ó tún ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láti rí i pé òǹkàwé kò wọ orí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Láìsí sleep, ìtẹ̀ kejì dé kí sáfà tó dáhùn ti àkọ́kọ́, òǹkàwé sì wà lórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí èèyàn máa ń ṣe nìyẹn bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà: á tún bọ́tìnì tẹ̀. Sleep ló ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí. A sọ bọ́tìnì náà di èyí tí kò ní ṣeé tẹ̀ títí èsì á fi dé, a sì fi òfin sí database bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ 4: òǹkàwé kan, ìdánwò 8

Òǹkàwé kan wà nínú dátà ìdánwò wa tó ń jẹ́ òǹkàwé1. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Ìdánwò kan á yá ìwé 3 lórúkọ rẹ̀, òmíràn á wá wò bóyá kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń yá bá ṣáájú ẹni tó ń wò, ó parí nìyẹn. A fi ètò sí i kí CI máa da ìdánwò rú lójoojúmọ́, kí ó sì tẹ nọ́ńbà seed tó fi dà wọ́n rú síta, kí a lè dá ìtò yẹn gan-an padà bí nǹkan kan bá kùnà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdánwò 5 míì tí a kò mọ̀ tú jáde. Àwọn 8 di 13.

Ọgbọ́n tí mo kọ́kọ́ dá kò ṣiṣẹ́. Mo ní kí gbogbo ìdánwò bẹ̀rẹ̀ transaction (àkójọ àyípadà tí a lè fagi lé lẹ́ẹ̀kan náà) nínú database, kó sì fagi lé e nígbà tó bá parí, kí ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Ó dára gan-an fún àwọn ìdánwò tó ń bá kóòdù sọ̀rọ̀ ní tààrà. Fún èyí tó ń gba bùráúsà, òfo ni: áàpù ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí database, kò sì lè rí dátà tí ìdánwò kò tíì fọwọ́ sí. Òǹkàwé tí mo dá, áàpù ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀ kó tó yé mi.

Ohun tí a wá ṣe rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń dá òǹkàwé tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀, ó sì ń gba API, ẹnu ọ̀nà tí kóòdù ń gbà bá áàpù sọ̀rọ̀, dá wọn, kì í ṣe ojú fọ́ọ̀mù. Orúkọ wọn ní nọ́ńbà tí kò jọ ti ẹlòmíì. Kò sí pé à ń nu nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. A kọ olùrànlọ́wọ́ kékeré kan fún dídá wọn, a sì fi èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ń sọ sọ orúkọ rẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ṣe rí nìyí báyìí:

òǹkàwé = òǹkàwéTuntun.tóNíGbèsè.tíÌwé3WàLọ́wọ́Rẹ̀

Ìlà kan ṣoṣo. Àǹtí wa wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ní, "Ẹni yìí kò gbọdọ̀ lè yá òmíràn, àbí?" Wọn kò kọ kóòdù rí láyé wọn. Ó dùn mọ́ mi ju bí ìdánwò 13 náà ṣe di àwọ̀ ewé lọ.

Ọ̀sẹ̀ 5: àwọn tó ń kùnà lóru

Àwọn 3 yìí ni mo gbádùn jù. Wọ́n ń wo ọjọ́ tó yẹ kí ìwé padà, ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí wọ́n yá a. Lójúmọmọ, wọn kì í ṣe àṣìṣe. Ìdánwò òru wa tó ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo 11:20 ni wọ́n ń bà jẹ́. Bí a bá sì tún un ṣe láàárọ̀, àwọ̀ ewé.

Lọ́nà tó yani lẹ́nu, nígbà tí ọ̀sẹ̀ 3 parí, wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ ká yọ ìwé wọn kúrò lára ògiri. Mo ní rárá, àrùn tó lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan tọ́jú rẹ̀, ó fara pamọ́ síbì kan ni. Mo gbé aago sọ́tùn-ún, àkọsílẹ̀ sósì. Ṣáájú, ìṣẹ́jú 47 láti 11:20 ń gbé wa dé 12:07. Lẹ́yìn tí a yọ sleep, gbogbo rẹ̀ ń gba 35, a ń parí ní 11:55. Àwọn ìdánwò ọjọ́ ìdápadà sì wà lára àwọn tó ń ṣe kẹ́yìn.

Ọ̀gànjọ́ òru nìyẹn. Aago CI fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Sáfà áàpù ń lo UTC. Láti agogo 12 sí agogo 1 òru lórí CI, ọjọ́ ti yí lọ́dọ̀ ìdánwò, kò tíì yí lọ́dọ̀ áàpù. Ìdánwò ń ka ọjọ́ 14 láti òní, áàpù ń ka a láti àná. Ìṣẹ́jú 7 péré la fi ń wọ wákàtí burúkú yẹn lálaalẹ́, a sì ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yíyọ sleep kò wò wọ́n sàn, ó kàn jẹ́ ká parí kó tó di òru.

Àtúnṣe: kò sí apá kankan nínú kóòdù wa tó gbọ́dọ̀ bi kọ̀ǹpútà pé "kí ni òní?" mọ́. Aago jẹ́ ohun tí a ń fi lé e lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ gidi, aago gidi la ń fún un. Nínú ìdánwò, èyí tó dúró sójú kan. Bí aago ti wà lọ́wọ́ wa, a lè béèrè ohun tí a kò lè béèrè tẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n yá ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 2024, ọjọ́ 29 oṣù kejì ló gbọ́dọ̀ padà. Èyí tí wọ́n yá ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 2023, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni. Ìdánwò méjèèjì wà níbẹ̀ báyìí, a kò sì ní láti dúró de ọdún kankan.

Ọ̀sẹ̀ 6 àti 7: kí ó lè ṣeé tọ́jú

Pé ìdánwò kò yẹsẹ̀ mọ́ kò sọ pé ó ṣeé tọ́jú. Tiwa, ẹni tó bá gbé bọ́tìnì kan kúrò níbì kan sí ibòmíràn, ó lè ba 40 jẹ́. Ìdí rẹ̀ ni irú àdírẹ́sì yìí:

/html/body/div[2]/div[3]/form/button[1]

Ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé bọ́tìnì kìíní nínú fọ́ọ̀mù tó wà nínú àpótí kẹta nínú àpótí kejì. Kò sí òǹkàwé kankan tó ń wá bọ́tìnì báyẹn. Òǹkàwé ń wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Yá ìwé yìí" sí. A wá ní kí ìdánwò náà máa wá a bẹ́ẹ̀: irú ohun tó jẹ́ àti orúkọ tó ń jẹ́, bí ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún afọ́jú ṣe ń wá a gan-an. Bọ́tìnì 6 ni ìdánwò kò rí mọ́ lẹ́yìn èyí. Àwòrán lásán ló wà lórí wọn, kò sí orúkọ. Ìyẹn ni pé afọ́jú tó ń lo áàpù wa kò mọ ohun tí bọ́tìnì 6 yẹn ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ. A sọ wọ́n lórúkọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mi ò rò pé iṣẹ́ kankan wà nínú àtúnṣe yìí tó níyì tó èyí.

A kó gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ojúewé kan sínú class kan, ìyẹn àpò kóòdù kan tí wọ́n ń pè ní page object, kí àyípadà ojúewé lè máa pin síbì kan. Wíwọlé pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, ìgbà 90 la ti kọ ọ́; ó di ẹ̀ẹ̀kan. A ṣe é jù lákọ̀ọ́kọ́: class ojúewé òǹkàwé dé ìlà 900, a sì ń kó ìlà assert (ìlà tó ń sọ ohun tí èsì gbọ́dọ̀ jẹ́) sínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ìdánwò bá kùnà, a kò mọ ohun tó ń béèrè. A pín in. Ojúewé mọ bí a ṣe ń tẹ nǹkan àti bí a ṣe ń ka nǹkan. Ìdánwò nìkan ló mọ ohun tó tọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó yẹ kó kúrò lójú bùráúsà. Mike Cohn, òǹkọ̀wé nípa Agile, ló sọ àwòrán píramíìdì ìdánwò di mímọ̀: púpọ̀ nísàlẹ̀ tó ń wo kóòdù kékeré, díẹ̀ lókè tó ń gba ojú òǹlò. Tiwa dojú dé. Ìdánwò 26 ló ń ṣí bùráúsà, tó ń wọlé, tó ń yá ìwé, nítorí àtimọ̀ bóyá ìṣírò owó ìtanràn tọ̀nà. Ìṣírò kan ṣoṣo ni, function kan, ìyẹn ègé kóòdù kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kan. A kó 26 náà lọ síbi function náà. Wọ́n ń parí kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. A fi ẹyọ 1 sílẹ̀ lójú bùráúsà láti rí i pé owó náà ń hàn síta.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ ká pa ìdánwò kankan rẹ́. Wọ́n ní, "Èyí tí ẹ bá pa rẹ́, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣọ́." Ọ̀rọ̀ gidi ni. A wá fohùn ṣọ̀kan pé kí a tó pa èyíkéyìí rẹ́, a gbọ́dọ̀ ba kóòdù jẹ́ lójú wọn, ká wo ẹni tó máa pariwo. Mo sọ "ju ọjọ́ 14 lọ" di "tó ọjọ́ 14": èyí tó wà nísàlẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tó wà lójú bùráúsà náà pupa. Ọ̀kan ti tó. Nínú ṣíṣe èyí la rí ìdánwò 2 tí kò sóhun tí a bà jẹ́ tó lè mú wọn pupa. Ọ̀kan nínú wọn kò ní ìlà assert rárá. Ó ń wọlé, ó ń tẹ nǹkan, ó ń jáde, àwọ̀ ewé, lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló pa á rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 8

Bó ṣe wà báyìí: bùráúsà 58, nísàlẹ̀ 243, ìṣẹ́jú 9. Mo tún ṣe ìgbà 20 ti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Yàtọ̀ sí àwọn 3 tó ń dúró de ímeèlì, kò sí èyí tó yí ohùn padà.

Nínú ìpàdé àyẹ̀wò ìparí sprint, a yọ bọ́tìnì "Tún un ṣe" kúrò lójú CI. Bí ìdánwò bá yẹsẹ̀, ó ní ibi ìyàsọ́tọ̀ tirẹ̀, àyè 5 péré ló wà níbẹ̀, ẹni tó fi í síbẹ̀ á kọ ọjọ́ tí yóò jáde, kò sì gbọdọ̀ ju sprint kan lọ. Bí àyè 5 bá kún, iṣẹ́ tuntun dúró. A tún fi kún ohun tí "ó ti parí" túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa: ìdánwò rẹ̀ wà, ẹlòmíì sì ti rí i tó pupa lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán, CI pupa. Mo gbé ọwọ́ lọ síbi tí bọ́tìnì yẹn máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Kí n tó rò ó síwá sẹ́yìn, àbúrò wa tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ ti dìde, ó ti ń ka orúkọ rẹ̀ sókè: "Owó ìtanràn kò gbọdọ̀ ka ọjọ́ tí ilé ìkàwé kò ṣí." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fọwọ́ kan ìṣírò owó ìtanràn lónìí?" Mo fọwọ́ kàn án. Nínú commit tí mo ṣe ní ìṣẹ́jú 40 ṣáájú, mo ti fi ọjọ́ tí wọn kò ṣí kún un dípò kí n yọ ọ́. Ìṣẹ́jú 12 la fi tún un ṣe, kò sí òǹkàwé kankan tó san ju ohun tó jẹ lọ.

Àwọn 3 ti ímeèlì ló kù. Wọ́n wà ní ibi ìyàsọ́tọ̀, orúkọ mi ló wà lórí wọn, Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ wọn pé. Sáfà ímeèlì kékeré tí yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdánwò ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, kí a má ṣe dúró de tẹni ẹlẹ́ni mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.